Ẹ̀yin Tí Ẹ Páàkì Mọ́tò, Ẹ Rántí Bátìrì O!

Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́, mo sì rò pé ó yẹ kí n gbé e síta, nítorí pé owó tí a fi òógùn ojú pa ló ń bá a lọ. Ọ̀rọ̀ bátìrì mọ́tò ni. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ti máa rẹ́rìn-ín pé kí ni akọ̀ròyìn ń wá nínú bátìrì, àbí ọ̀rọ̀ òṣèlú ti tán ní Nàìjíríà ni? Ẹ fara balẹ̀ ná.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa gbàgbọ́ ni pé ohun tí a kò bá lò kì í gbó. Àgbẹ̀ a gbé ọkọ́ kọ́ àjà títí òjò á fi dé. Aláṣọ a di aṣọ olówó ńlá sínú àpótí, á ju káńfọ̀ sí i, á tún bá a níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń páàkì mọ́tò fún oṣù méjì, tí a ó máa retí pé bí a ti fi í sílẹ̀ la ó ṣe bá a. Bátìrì kò rí bẹ́ẹ̀ o. Bátìrì tí kò ṣiṣẹ́ kò sinmi. Ńṣe ló ń kú lọ díẹ̀díẹ̀ níbi tó jókòó sí.

Kì í ṣe inú ìwé ni mo ti rí i. Ojú mi ló ṣe ní Muṣin, nínú ilé ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin. Aṣọ ni ìyá yìí ń tà, Ìyá Aláṣọ ni gbogbo ọjà ń pè é. Ní 2019, ó kó àjọ, ó fi owó ìtajà kún un, ó ra dánfó kan, ó gbé e fún dẹ́rẹ́bà pé kó máa fi ṣiṣẹ́, kó máa dá owó wá lálaalẹ́. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ mọ́tò wà, ṣùgbọ́n ó mọ owó kà! Nínú owó dánfó yìí ni oúnjẹ ilé ti ń jáde, nínú rẹ̀ náà ló sì ti ń tọ́jú díẹ̀díẹ̀ fún fọ́ọ̀mù polí tèmi, nítorí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí sẹ́kọ́ńdìrì ni.

Àrùn kòrónà dé. Ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ kónílé-ó-gbélé fún Èkó, Ògùn àti Àbújá. Aago 11 alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹta 2020 ni àṣẹ náà bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 14 ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko ló dà, nítorí ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún ni wọ́n tó dẹ okùn rẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀yin náà ò ní gbàgbé.

Ìyá Aláṣọ ní kí dẹ́rẹ́bà gbé ọkọ̀ wá síwájú ilé, kí àwọn ọmọ ìta má baà tú u palẹ̀. Dẹ́rẹ́bà náà kò gbé jìnnà sí wa. Láràárọ̀ ló ń fẹsẹ̀ rìn wá, á ṣíná sí mọ́tò, á jẹ́ kó máa dún fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, á tan rédíò gbọ́ iye ẹni tí kòrónà mú, á sì pa á. Ìyá Aláṣọ á ní, "O ṣeun, dẹ́rẹ́bà, Ọlọ́run á bá ọ tọ́jú tìẹ náà." Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, epo tán nínú táǹkì, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ fi owó gàrí ra epo. Wọ́n tilẹ̀kùn mọ́tò, ó di ọwọ́ Ọlọ́run.

Ìdájí ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún, dẹ́rẹ́bà ti dé pẹ̀lú gálọ́ọ̀nù epo. Ó yí kọ́kọ́rọ́. Mọ́tò dáhùn pé, "Tìkì." Ó tún yí i. "Tìkì." Nígbà kẹta, kò tilẹ̀ dáhùn mọ́. Àwa ọmọ ilé jáde, a tì í láti iwájú ilé dé ẹnu gọ́tà ńlá, kò jí. Kì í ṣe tiwa nìkan o. Ní òpópónà wa láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo ka mọ́tò mẹ́rin tí wọ́n ń tì, bí ẹni pé ìdíje ni.

Rewáyà kan tí dẹ́rẹ́bà mọ̀ ló kọ́kọ́ dé. Ó wo inú bátìrì, ó ní ásíìdì ló ti gbẹ, pé kí òun fi tuntun kún un, á jí. Inú ìgò míńírà ló rọ ásíìdì náà sí wá. Ó da díẹ̀ sínú bátìrì, ó gbé ìyókù ti ògiri, ó bá dẹ́rẹ́bà lọ sídìí mọ́tò. Ọmọ ọdún mẹ́ta kan wà nínú ilé, ọmọ arábìnrin tó ń ta ògì, tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn. Ọmọ rí ìgò míńírà. Kí lọmọdé mọ̀? Ó gbé e. Ìyá rẹ̀ ń bọ̀ láti ibi ẹ̀rọ omi, ó rí ìgò tó ń lọ sẹ́nu ọmọ, ó sọ garawa sílẹ̀, ó fò mọ́ ọn, ó gbá ìgò dànù. Ìgò fọ́ mọ́lẹ̀, ásíìdì sì ta sí ìyá náà lẹ́sẹ̀ àti sára ìró. Ìyá Aláṣọ ló figbe ta pé, "Omi! Ẹ bu omi!" Garawa lé garawa la dà sí i lẹ́sẹ̀ láìdúró, ó tó bí ogún ìṣẹ́jú, kí a tó gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹnì kan ti ń sáré bọ̀ pẹ̀lú epo pupa, wọ́n lé e padà. Nọ́ọ̀sì ní omi yẹn ló kó o yọ. Àpá rẹ̀ wà níbẹ̀ dòní, ṣùgbọ́n kò tóbi. Ìró yẹn ni ẹ ò bá rí! Lọ́jọ́ náà ó dà bíi pé kò ṣe é ní nǹkan kan. Ìgbà tí wọ́n fọ̀ ọ́ ló já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí àwọ̀n ẹja.

Ọmọ náà ti ń lọ sílé-ìwé báyìí. Bí mo bá rí i tó gbé ìgò míńírà sẹ́nu, ara mi ṣì máa ń ta gìrì.

Lẹ́yìn èyí ni Ìyá Aláṣọ ní kí n gbé bátìrì náà lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń gba iná sí bátìrì nítòsí ọjà Ládipọ̀. Àgbàlagbà ni bàbá yìí, ṣòkòtò rẹ̀ kún fún ihò bí ajere.

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ìyá Aláṣọ ló ní kí n gbé eléyìí wá."

Kò tilẹ̀ wojú mi. Ó tú ìdérí kéékèèké orí bátìrì, ó yọjú wo inú, ó fi mítà kàn án. "Ta ló da ásíìdì sí i?"

"Rewáyà ni, sà."

"Háà! Ojú ń dun ẹni, wọ́n tún fi ata rẹ́ ẹ."

Ó wá là á yé mi pé omi ló ń gbẹ nínú bátìrì, kì í ṣe ásíìdì. Ooru a máa fa omi lọ, ásíìdì á ṣẹ́kù. Bí èèyàn bá tún wá da ásíìdì lé e, ó pọ̀ jù nìyẹn, á máa jẹ òjé inú rẹ̀. Omi bátìrì tí wọ́n ti sè, tí wọ́n gba ooru rẹ̀, ni a fi ń kún un, kó sáà ti bo àwọn òjé náà mọ́lẹ̀. Omi kànga kọ́, omi ẹ̀rọ kọ́, omi inú ọ̀rá tí a ń mu kọ́, nítorí iyọ̀ ilẹ̀ wà nínú gbogbo wọn.

Nírọ̀lẹ́, Ìyá Aláṣọ fúnra rẹ̀ dé. Ó kí bàbá tán, ó ní, "Bàbá oníbátìrì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó dáadáa. Àràárọ̀ la ń ṣíná sí mọ́tò yìí o! Kí ló wá pa á?"

Bàbá ní, "Ìyá Aláṣọ, ẹ jókòó. Bí ẹ bá yọ ẹgbẹ̀rún náírà nínú àpótí láàárọ̀, tí ẹ wá dá igba padà sí i, tí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ogún ọjọ́, kí ló máa kù níbẹ̀?"

"Gbèsè ni!"

"Ohun tí dẹ́rẹ́bà yín ń ṣe láràárọ̀ nìyẹn."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí létí. Ṣíṣíná sí mọ́tò ló ń gba agbára jù lọ lọ́wọ́ bátìrì. Ẹ̀rọ tí ń dá iná padà sí i nílò kí mọ́tò rìn dáadáa, bí ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó tó san gbèsè yẹn. Ìṣẹ́jú mẹ́ta níwájú ilé, pẹ̀lú rédíò tó ń ké, ìfowóṣòfò ni. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí mọ́tò bá dákẹ́ pátá, àwọn nǹkan kan ṣì ń jẹ iná nínú rẹ̀: aago, ohun tí ń pariwo bí olè bá fọwọ́ kàn án, àti rédíò tó ń rántí ibi tí ẹ tì í sí. Bí gbogbo ìwọ̀nyí kò bá tilẹ̀ sí, bátìrì fúnra rẹ̀ á ṣì máa sọ iná nù. Ìwà rẹ̀ nìyẹn láti ìgbà tí Gaston Planté, ará Faransé, ti ṣe irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1859.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti wá burú ni pé, bí iná bá lọ sílẹ̀ nínú bátìrì tí a sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nǹkan funfun kan á máa gbá mọ́ àwọn òjé inú rẹ̀. Bí kò bá tíì pẹ́, iná tuntun lè yọ́ ọ kúrò. Bí ó bá pẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á le gbagidi bí èèpá ìdí ìkòkò, kò sì ní gba iná mọ́. Tiwa ti le. Ọjọ́ méjì gbáko ni bàbá fi gba iná sí i jẹ́jẹ́, bó ṣe yọ okùn iná báyìí ló ń dọ̀bálẹ̀ padà.

Dẹ́rẹ́bà ní kí a ra tòkunbọ̀. A rà á. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ìyẹn náà fi kú, nítorí kò sẹ́ni tó mọ iye oṣù tó ti lò nínú ọkọ̀ ojú omi àti lórí àtẹ kó tó dé ọwọ́ wa. Ọjọ́ tí dẹ́rẹ́bà bá mọ́tò ẹlòmíràn lọ, mi ò dá a lẹ́bi, ó láya, ó lọ́mọ. Ìyá Aláṣọ wá lọ bẹ ẹni tí àjọ kàn pé kó jẹ́ kí òun gbà á ṣáájú. Àjọ yẹn kò tó. Owó fọ́ọ̀mù mi ló fi kún un, ó ra tuntun. Ó pè mí wọ yàrá, ó sọ fún mi kó tó ná an. Mo ní, "Ẹ rà á, mà." Kí ni n bá tún sọ?

Mo bi bàbá oníbátìrì ní ìbéèrè kan lọ́jọ́ kan, nítorí ọmọ Ìyá Aláṣọ tó ń gbé ní Chicago, l'Ámẹ́ríkà. Ọmọ yìí wá ṣe Kérésìmesì ní Èkó, ó fi mọ́tò rẹ̀ sílẹ̀ síta lọ́hùn-ún. Nígbà tó padà ní oṣù Kìn-ín-ní, ó bá bátìrì tó dì gbagidi bí yìnyín, ara rẹ̀ sì ti là. Ó pè wá lórí fóònù, Ìyá Aláṣọ sì ń dárò pé òtútù ìlú òyìnbó mà burú o, ó ń pa ohun tí kò lẹ́mìí. Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní kì í ṣe òtútù nìkan ló pa á, àìní iná nínú rẹ̀ ni. Bátìrì tí iná kún inú rẹ̀, ásíìdì rẹ̀ lágbára, òtútù tó tó 50 ní ìsàlẹ̀ òdo lórí ìwọ̀n Celsius kò lè mú un dì. Èyí tí iná ti tán nínú rẹ̀, omi lásán ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́, òtútù bíi 8 ní ìsàlẹ̀ òdo ti tó o. Omi tó bá sì dì a máa wú, ohun tó fọ́ ara bátìrì nìyẹn. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ọ̀pọ̀ lọ́hùn-ún, tí wọn kò bá fẹ́ lo mọ́tò nígbà yìnyín, fi ń kọ́kọ́ gba iná kún bátìrì dẹ́nu, tí wọ́n á tú u, tí wọ́n á gbé e sí gáréèjì, tí àwọn mìíràn á sì so ó mọ́ ẹ̀rọ kékeré tí ń fún un ní iná díẹ̀díẹ̀ títí oòrùn á fi padà.

Ó wá sọ ohun tó yà mí lẹ́nu. Ó ní bí bátìrì bá ti kún, ibi tútù ló ti ń pẹ́ jù. Ooru ni ọ̀tá rẹ̀. Bí ooru bá fi 10 lé sí i lórí ìwọ̀n Celsius, iná tí bátìrì ń sọ nù lórí ìjókòó á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ẹ wá wo oòrùn Èkó wa yìí! Ẹni tó wà nínú yìnyín lè fi bátìrì tó kún sílẹ̀ fún oṣù méjì mẹ́ta. Níhìn-ín, ẹni tó bá kọjá oṣù kan láìyẹ̀ ẹ́ wò ń ta tẹ́tẹ́ ni. Àwọn ni wọ́n ń pariwo òtútù, àwa tí a nílò ìtọ́jú jù ni a kò bìkítà.

Ohun tó mú mi kọ èyí báyìí ni pé kónílé-ó-gbélé ti tán, ṣùgbọ́n páàkì mọ́tò kò tán. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, tí epo bẹ́ láti ìsàlẹ̀ 200 náírà kọjá 480 náírà láàárín ọjọ́ mélòó kan, mélòó nínú wa ló ṣì ń gbé mọ́tò jáde lójoojúmọ́? Ọjọ́ Àìkú la fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí ọjọ́ Jímọ̀ fún mọ́sáláṣí. Onígerígerí ìlú òkè ń gbé ọkọ̀ kalẹ̀ tí kò bá sí iṣu. Jẹnẹrétọ̀ oníkọ́kọ́rọ́ náà jókòó nítorí epo wọ́n. Gbogbo wọn ló ní bátìrì nínú.

Bí ẹ bá mọ̀ pé mọ́tò yín máa jókòó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ gba iná kún bátìrì rẹ̀. Kíkún ni o, kì í ṣe "ó ti fẹ́ kún." Bí mítà bá sọ 12.6 fóòtì lẹ́yìn tó ti sinmi láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kún. Bí ó bá sọ 12.4, ẹ dá a padà sórí iná. Bí ó bá ti di 12, ebi ń pa á gidi. Ẹ má sì jẹ́ kí oníbátìrì fi ìkánjú rọ iná gbígbóná sí i ní wákàtí kan péré nítorí ẹ ń kánjú. Bátìrì tí wọ́n kọ 75 sí lára, tó bá ti gbẹ tán, iná bíi 7 ló yẹ kó máa gbà, á sì lò tó wákàtí mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé e sílẹ̀ fún un di ọ̀la.

Ẹ nu orí rẹ̀, torí eruku àti ọ̀rinrin orí bátìrì lè di ọ̀nà tí iná ń gbà jò. Bí ohun funfun tàbí aláwọ̀ ewé bá ti hù sí orí òjé méjèèjì, sódà tí oníbúrẹ́dì ń lò ni kí ẹ pò mọ́ omi kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kó má ṣáà wọ inú bátìrì. Bí ẹ bá ń tú u, okùn nẹ́gétíìfù lẹ kọ́kọ́ máa tú, òun náà ni ẹ ó dè kẹ́yìn, kí sípánà má baà kan irin ara mọ́tò kí iná sì ṣẹ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbé bátìrì jáde, kó sáà ti tú nẹ́gétíìfù yẹn, ìyẹn nìkan ti dá aago àti rédíò dúró lẹ́nu jíjẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù. Èyí tí wọ́n dí lórí pa, tí àwa ń pè ní dráì, kì í ṣe gbígbẹ rárá, ásíìdì wà nínú rẹ̀. Omi ni ẹ kò lè bù sí i, ṣùgbọ́n iná rẹ̀ ń lọ bíi ti èkejì.

Àwọn àgbà a máa sọ pé bátìrì kò gbọdọ̀ fara kan sìmẹ́ńtì, pé ilẹ̀ á fa iná rẹ̀. Wọn kò purọ́ nígbà náà, torí igi àti rọ́bà ni wọ́n fi ń ṣe ara bátìrì àtijọ́. Ike òde òní kò jẹ́ kí ilẹ̀ fa nǹkan kan. Síbẹ̀ mo fẹ́ràn kí ó wà lórí pákó, níbi gíga tí ọwọ́ ọmọ kò tó, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, tí oòrùn kò sí. Inú yàrá tí ẹ ń sùn kọ́ o! Ìdí sítóòfù kọ́! Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára bátìrì tó ń gba iná lè gbiná bí ìṣáná bá kàn án, kí amu-sìgá jìnnà síbẹ̀.

Èyí tó bá ti kú pátápátá, ẹ tà á fún àwọn tó ń ra kọ́ńdẹ̀ẹ̀mù bó ṣe wà, ẹ má fọ́ ọ, ẹ má yọ́ òjé rẹ̀ nínú àgbàlá. Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́bàá Dakar ní orílẹ̀-èdè Sẹ̀nẹ̀gà, ibi tí wọ́n ti ń tú bátìrì àtijọ́ láti kó òjé, ọmọdé 18 ló kú láàárín ìparí 2007 àti ìbẹ̀rẹ̀ 2008. Òjé tó wà nínú iyẹ̀pẹ̀ àti eruku ló pa wọ́n.

Mo ti ń gbọ́ ìbéèrè àwọn tẹ́lọ̀ àti onígẹ̀rígẹ̀rí tó ń lo iná oòrùn. Bátìrì ínfátà ńlá tí a ń bu omi sí, ìlànà kan náà ni. Ṣùgbọ́n èyí tó jẹ́ lítíọ́mù, tí kò wúwo tó tòjé, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀: ìyẹn kò fẹ́ kíkún dẹ́nu bí ó bá máa jókòó pẹ́, bí ìdajì ló dára jù fún un. Kí ẹni tó ní irú ẹ̀ má fi ohun tí mo kọ sókè yìí tọ́jú rẹ̀ o. Ẹ jẹ́ kí n lọ bi àwọn tó ń tún un ṣe léèrè, màá kọ tiwọn lọ́sẹ̀ mìíràn.